Ogun Ẹ̀fọn àti Àwọn Oògùn Àtijọ́ Tí A Pè Padà Sójú Ìjà

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró, ẹ̀yin ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ ṣí etí yín sílẹ̀, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti iwin, kì í ṣe ti ọ̀rọ̀, kì í ṣe ti ẹranko tó ń fọhùn bí ènìyàn láàárín aginjù. Ìtàn òtítọ́ ni. Àwọn tó ṣe é ní orúkọ, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ní àdírẹ́sì, ọdún tó ṣẹlẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ ọ dópin, ẹ ó gbà pé ohun tí Ẹlẹ́dàá fi pa mọ́ sínú ayé yìí ju ohun tí àlá lè bí lọ.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ wo ẹ̀fọn! Kò ní idà, kò ní ọ̀kọ̀, kò gun ẹṣin, kò wọ ẹ̀wù ogun, síbẹ̀ ó ti lé ọmọ ogun kúrò lójú ìjà, ó ti sọ ọkọ̀ ojú omi di ilé òkú, ó ti da ẹkún sílé ọlọ́rọ̀, ó ti da ẹkún sílé tálákà. Èyí tí mo ń wí yìí, abo ẹ̀fọn kan ni tó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aedes aegypti. Ojúmọmọ ló ń ṣọdẹ tirẹ̀. Kì í dúró de òru bí ìbátan rẹ̀ tó ń gbé ibà malaria kiri. Omi tó wà nítòsí wa ló ń yé ẹyin sí: omi inú àmù, omi inú dúrọ́ọ̀mù, omi òjò tó dúró sínú táyà tí a jù sẹ́yìnkùlé. Inú itọ́ rẹ̀ sì ni àwọn ọ̀tá mẹ́rin gùn bí ẹni gùn ọkọ̀: ibà pọ́njú, dengue, Zika, àti chikungunya. Fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn. Ojú lásán kò lè rí wọn, ọwọ́ kò lè tẹ̀ wọ́n, ìró wọn kò ta sétí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya Yaba ní Èkó, ní ọdún 1927. Àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà ti kọ́ ilé ìwádìí síbẹ̀ nítorí ibà pọ́njú, àrùn tí í sọ ojú aláìsàn di pípọ́n, tí í mú un bì èébì dúdú, tí í gbé ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbóná lówúrọ̀ Ọjọ́ Ajé lọ sí sàréè kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé e. Carlos Finlay ti Kúbà ti wí bẹ́ẹ̀ ní 1881, wọ́n sì yọ ṣùtì sí i. Àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà tó wà lábẹ́ Walter Reed wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1900, ọ̀kan nínú wọn, Jesse Lazear, sì fi ẹ̀mí rẹ̀ san owó ìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀fọn ń gbé? Kí ni ẹrù tó dì sínú itọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Adrian Stokes, dókítà ará Ireland, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rí ẹrù náà mú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n fà á sára ọ̀bọ tó ti ilẹ̀ Íńdíà wá. Ọ̀bọ náà sì kú ikú ibà pọ́njú. Ọwọ́ ti ba ọ̀tá! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá di ejò mú níru, kó rántí pé ejò ní ẹnu. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927 yẹn kan náà, ibà pọ́njú pa Stokes ní Èkó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e, Hideyo Noguchi, ọmọ Japan tí òkìkí rẹ̀ kárí ayé, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn pé bakitéríà kan ló ń fa àrùn náà, tó sì ti wá sí Accra láti fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ni àrùn náà pa síbẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí William Young, ọ̀gá ilé ìwádìí tí Noguchi ti ṣiṣẹ́, náà sùn tí kò jí. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ dákẹ́ fún wọn díẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ fi ahọ́n kan oyin náà kí wọ́n tó lọ.

Asibi ní tirẹ̀ kò kú. Ara rẹ̀ yá, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbà nínú ẹ̀jẹ̀ òun yóò la òkun kọjá. Fáírọ́ọ̀sì náà dé New York, ó bọ́ sọ́wọ́ Max Theiler, ẹni tó fi í sínú ẹran ara ọmọ adìẹ tó ṣì wà nínú ẹyin, tó ń gbé e láti inú ìgò kan bọ́ sí òmíràn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ní àìmọye ìgbà, títí ìkà inú rẹ̀ fi tán, tó di pẹ̀lẹ́, tó di olùkọ́ tó ń kọ́ ẹ̀jẹ̀ wa bí a ti ń jà. Ní 1937 ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a mọ̀ sí 17D. Ní 1951 wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá Theiler lọ́lá. Títí di òní, ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì tó ti ara Asibi wá ni ó ń bẹ nínú abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọ wa.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára, apata ni, kì í ṣe idà. Ẹni tí kò bá gbé apata kí ọfà tó bà á, kí ni a ó fi yọ ọfà lára rẹ̀? Ní 1987, àádọ́ta ọdún gééré lẹ́yìn tí Theiler parí iṣẹ́, ibà pọ́njú ya wọ agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀fọn tó gbé e kò ti igbó jíjìn wá. Inú ohun èlò omi tó wà nínú ilé àwọn ènìyàn ló ti jáde. Àwọn dókítà dúró ti ibùsùn, wọ́n mọ orúkọ àrùn, wọ́n mọ ìtàn àrùn, wọ́n mọ ìdílé àrùn, kò sì sí hóró oògùn kan lọ́wọ́ wọn tó lè pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ó tún yọjú sára ọmọdébìnrin kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara. Láti 1987 títí di ọdún yẹn, ọwọ́ dókítà kò tíì ba idà kankan.

Àwọn àbúrò ibà pọ́njú náà kò sùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1947, àwọn onímọ̀ gbé ọ̀bọ kan sínú àgò lókè igi nínú igbó Zika, nítòsí Entebbe ní Uganda. Ibà pọ́njú ni wọ́n ń dẹ. Ọ̀bọ náà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 766, gbóná. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àlejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi orúkọ igbó náà sọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí Yunifásítì ń kọ nípa rẹ̀. Ní 1979, ọ̀kan nínú wọn, Fágbàmí, tẹ ìwádìí jáde lórí Zika láàárín àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà. Àwọn tó kà á kò pọ̀. Àfi ìgbà tó di 2015 tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Bràsíìlì, tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ tí orí wọn kéré ju bó ti yẹ lọ, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì lu agogo pàjáwìrì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2016. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ní ti dengue, àgbà ọ̀tá ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ìdajì àwọn ènìyàn ayé ló ń gbé níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó wọn. Ó pín sí oríṣi mẹ́rin, ẹni tó sì là nínú ọ̀kan kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mẹ́ta yòókù. Kàkà kó bọ́, ẹ̀ẹ̀kejì a máa le ju ti ìṣáájú lọ.

Wàyí o, ẹ̀yin ìjọ ènìyàn, ibi tí ìtàn ti di àràmàǹdà la dé yìí.

Láti wá oògùn tuntun, láti orí èrò títí dé orí káńtà, ó máa ń gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì tó owó tí a fi ń kọ́ ìlú. Àwọn baba wa ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ta ni yóò ná irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí ibà àwọn tálákà? Nígbà náà ni àwọn onímọ̀ bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí àwọn oògùn àtijọ́ tó tò lórí pẹpẹ: oògùn malaria, oògùn aràn, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, oògùn ẹ̀dọ̀. A ti mọ ìwọ̀n wọn, a ti mọ ìwà wọn, a ti mọ ibi tí wọ́n ń ta ni sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè bá fáírọ́ọ̀sì ẹ̀fọn jà, ṣebí a ti fo ọ̀pọ̀ ọdún kọjá nìyẹn! Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kì í ṣe ìrètí asán. Wọ́n ti rí iṣẹ́ ìyanu irú rẹ̀ rí. Ní 1964, Jerome Horwitz ní Detroit ṣe oògùn kan tí a ń pè ní AZT. Ó fẹ́ fi pa jẹjẹrẹ. Ó fún àwọn eku tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mu, kò ràn wọ́n lọ́wọ́ rárá. Ó fi í sílẹ̀, ó kọjú sí nǹkan mìíràn. Ogún ọdún ni oògùn náà fi wà bí ọmọ tí baba kò jẹ́wọ́. Nígbà tí éèdì dé, tí àwọn ọ̀dọ́ ń rọ dànù, tí gbogbo ayé dijú, wọ́n tún gbé e jáde, wọ́n dán an wò, fáírọ́ọ̀sì éèdì sì fà sẹ́yìn níwájú rẹ̀! Ní oṣù Kẹta ọdún 1987, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, ó di oògùn éèdì àkọ́kọ́. Òkúta tí ọ̀mọ̀lé kọ̀ ló di igun ilé. Ta ni kò ní wí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí éèdì lè ṣẹlẹ̀ sí dengue?

Wọ́n fọn fèrè. Àwọn oògùn àtijọ́ dìde.

Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹni tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀, akíkanjú kíkorò, ayún-ni-lára bí iná èèsì: chloroquine. Ọdún 1934 ni Hans Andersag ṣe é ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì wí pé májèlé rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ogun Àgbáyé Kejì ló mú kí Amẹ́ríkà tún un yẹ̀ wò, ó sì di ọba lórí malaria, ó jọba títí malaria fi kọ́ ọgbọ́n tó fi ń sá fún un, tí Nàìjíríà sì yọ ọ́ kúrò nípò aṣáájú ní 2005. Chloroquine máa ń yí ekikan inú yàrá kékeré tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọ inú ara wa padà. Nínú àwo gíláàsì, ó dá fáírọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn olùwádìí yọ̀. Wọ́n pe ènìyàn 307 ní Ho Chi Minh City ní Vietnam, wọ́n pín wọn sí méjì, apá kan gba chloroquine, apá kejì gba hóró tí kò ní oògùn nínú, aláìsàn kò mọ èyí tó gbà, dókítà kò mọ èyí tó fún un. Ní 2010 wọ́n tú àbájáde rẹ̀ síta: fáírọ́ọ̀sì dengue kò tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó mu chloroquine. Èébì ni wọ́n fi ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú ju ìyẹn. Ní 2005 sí 2006, chikungunya kọlu Réunion, erékùṣù ilẹ̀ Faransé nínú òkun Íńdíà. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ará ibẹ̀ ló kó o; ọkùnrin tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì lánàá kò lè gbé síbí ọbẹ̀ sẹ́nu lónìí, nítorí àrùn náà ń di orúnkún, ó ń di ọrùn ọwọ́, ó ń di ìka. Wọ́n dán chloroquine wò níbẹ̀ náà. Kò dín ibà kù, kò dín ìrora kù. Nígbà tó di igba ọjọ́, àwọn tó mu ún ló ń ráhùn oríkèé ríro ju àwọn tí kò mu ún lọ. Lẹ́yìn náà, nínú ìwádìí lára ọ̀bọ, wọ́n rí i pé ó tilẹ̀ ń fa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn, tí fáírọ́ọ̀sì fi ń rí àyè pọ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ tó wá gbèjà ló di ìdènà fún onílé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni balapiravir jáde, èyí tí ilé iṣẹ́ Roche ṣe fún àrùn mẹ́dọ̀wú C. Oògùn yìí kì í dé ojú ogun pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Inú ara wa ni wọ́n ti ń rọ idà náà fún un, nítorí àfi kí ara kọ́kọ́ yí i padà kó tó lè pa ohunkóhun. Aláìsàn dengue 64 ni wọ́n lò ní Vietnam. Kò ràn wọ́n. Nígbà tí wọ́n wádìí ìdí rẹ̀, ẹ̀rù bà wọ́n: dengue, bí ó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, máa ń mú kí ara má lè yí oògùn náà padà bó ti yẹ. Ọ̀tá ti dé ilé alágbẹ̀dẹ ṣáájú, ó ti da omi sínú iná ẹwìrì! Ẹ̀yin ènìyàn, ohun tí ojú kò rí ni ó ń hu ọgbọ́n báyìí. Ta ni yóò tún pe ohun kékeré ní kékeré?

Prednisolone, oògùn tó ń dín ara wíwú kù, jáde ní Vietnam kan náà, lára aláìsàn 225. Kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Lovastatin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, jáde lára ènìyàn 300. Kò ṣe ibi, kò ṣe ire.

Igi ńlá kan wà ní etíkun ìlà-oòrùn Australia, Castanospermum australe lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Èso rẹ̀ ní májèlé. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ mọ ọgbọ́n rẹ̀: wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á sun ún níná, kí wọ́n tó jẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí tiwa ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ kó tó di láfún. Nínú májèlé èso yìí ni wọ́n ti yọ ohun tó bí celgosivir. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e dojú kọ éèdì, wọ́n gbé e dojú kọ mẹ́dọ̀wú C, kò gbayì. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku tó ní dengue ní Singapore, àwọn eku tí ikú ti di lẹ́rù dìde, wọ́n ń rìn! Inú gbogbo ènìyàn dùn. Láàárín 2012 sí 2013, wọ́n fi aláìsàn 50 dán an wò ní Singapore, apá kan gbà á, apá kejì gba òfìfo, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Kò pa àwọn tó gbà á lára. Ṣùgbọ́n ibà wọn kò tètè lọ, fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì dín kù tó ohun tí a lè tọ́ka sí. Ohun tó jí eku dìde kò jí ènìyàn.

Ivermectin náà kò gbẹ́yìn. Inú ekuru ilẹ̀ nítòsí pápá gọ́ọ̀fù kan ní Kawana ní Japan ni Satoshi Ōmura ti wa ohun tó di oògùn náà, William Campbell sì fi hàn pé ó ń pa aràn, àwọn méjèèjì sì pín nínú ẹ̀bùn Nobel 2015. Òun ni Mectizan tí wọ́n ti pín ní abúlé wa lọ́pọ̀ ọdún, tó gba ojú àìlóǹkà ènìyàn lọ́wọ́ àrùn ìfọ́jú etí odò, lọ́fẹ̀ẹ́, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Merck ti ṣèlérí ní 1987. Nínú àwo gíláàsì, ó gbógun ti ibà pọ́njú àti dengue. Ní ilé ìwòsàn Siriraj ní Bangkok, wọ́n fún àwọn aláìsàn dengue lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó mú kí èròjà tí dengue ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tètè dín kù, ṣùgbọ́n aláìsàn kò tìtorí rẹ̀ yá ju ẹni tí kò gbà á lọ.

Nígbà Zika, wọ́n da oògùn bí 6,000 jọ sílé ìwádìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Niclosamide, oògùn aràn, wà lára àwọn tó dá Zika dúró. Ṣùgbọ́n inú ìfun ni niclosamide ń gbé, níbi tí aràn wà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, Zika sì wà nínú ọpọlọ ọmọ tó wà nínú oyún. Ní Rio de Janeiro, àwọn onímọ̀ Fiocruz gbé sofosbuvir dìde ní 2017, oògùn tó ń wo mẹ́dọ̀wú C sàn pátápátá, tí hóró kan rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún dọ́là ní Amẹ́ríkà nígbà tó kọ́kọ́ dé ọjà. Ó dá Zika dúró nínú àwo. Lára eku ó ṣe dáadáa. Ìran ènìyàn ṣì ń dúró.

Àwọn àgbà ní, bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ewé wo ló kù? Mo ti ro ó títí, ohun tí àwọn ìwádìí wọ̀nyí fi hàn mí ni pé àkókò ni ewé tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Dengue kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ tí ara bá gbóná ni fáírọ́ọ̀sì ń pọ̀ bí omi òkun. Nígbà tí aláìsàn bá ti lo ọjọ́ kan nílé, tó lo ọjọ́ kejì lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, tó dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, fáírọ́ọ̀sì ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Oògùn dé, ọjà ti tú. Ibi tó sì léwu jù ni ìgbà tí ibà bá lọ sílẹ̀, tí ìyá aláìsàn ń dúpẹ́, tí omi inú ẹ̀jẹ̀ wá ń jò kúrò nínú iṣan láìsí ariwo, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń tutù. Ewé kejì ni ìwọ̀n: ohun tí a lè dà sínú àwo gíláàsì, a kò lè da irú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kó má di májèlé. Àwo kò ní ẹ̀dọ̀, àwo kò ní kíndìnrín, àwo kò ní ọmọ tó ń dúró dè é nílé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé iṣẹ́ àwọn olùwádìí yìí já sí asán! Nínú àwọn ìdánwò mẹ́rin tí wọ́n ṣe ní Vietnam nìkan, ènìyàn 896 ló tẹ́ ara wọn sílẹ̀ nínú ibà gbígbóná, wọ́n gba hóró tí wọn kò mọ̀ bóyá oògùn ni tàbí òfìfo, kí ọmọ ẹlòmíràn lè mọ òtítọ́ lọ́la. Wọn kò ní ère ní gbàgede, ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn. Lójú tèmi, akọni ni wọ́n, àní bí Stokes ti jẹ́ akọni. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, chloroquine ni a ì bá máa fún gbogbo ẹni tó ní dengue títí di òní, pẹ̀lú ìdánilójú, pẹ̀lú ìfẹ́, pẹ̀lú àṣìṣe.

Òmùgọ̀ kò sì fẹ́ dúró de ìdánwò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ń jà, ààrẹ Amẹ́ríkà gbé chloroquine ga lórí tẹlifísọ̀n, àwọn ènìyàn sì rọ́ gììrì lọ sí ilé kẹ́míìsì ní Èkó, wọ́n rà á ní iye owó tó ga fíofío, wọ́n mu ún lámujù, títí ilé ìwòsàn fi gba àwọn tí oògùn náà ti sọ di aláìsàn, tí NCDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, sì pariwo pé kí wọ́n dẹ́kun. Kì í ṣe kòrónà ló ṣe wọ́n. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé májèlé sẹ́nu. Ìwé àbájáde tó ti ọdún 2010 wà nílẹ̀, tó ti sọ pé ohun tó ṣẹ́gun nínú àwo lè kùnà nínú ara, ta ló kà á?

Bẹ́ẹ̀ ni dengue kì í ṣe àlejò nílé wa. Láàárín 1964 sí 1968, ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbóná. Ṣùgbọ́n gbogbo ibà tó bá wọlé wa, malaria la ń pè é. Bí oògùn malaria kò bá sì ràn án, a ó tún ra òmíràn, a ó fi ti ara ríro kún un. Ibẹ̀ ni ikú ń ba sí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tó gbọ́ mi. Títí di òní, kò sí oògùn kan tí àwọn aláṣẹ ìlera fọwọ́ sí láti pa fáírọ́ọ̀sì dengue, tàbí Zika, tàbí chikungunya, tàbí ibà pọ́njú lára ẹni tó ti kó o. Ẹni tó bá ní òun ní in, ẹ bi í pé níbo ni wọ́n ti dán an wò, lára ènìyàn mélòó. Ìtọ́jú ló ń gba ẹ̀mí là: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá tètè mọ dengue tó le, tí dókítà tó mọṣẹ́ sì ń bójú tó omi ara aláìsàn, àwọn tó ń kú nínú rẹ̀ kì í tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bo àmù, ẹ da omi táyà nù, ẹ fọ dúrọ́ọ̀mù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ara bá sì gbóná tí àyẹ̀wò kò rí malaria, ẹ má ṣe mu aspirin, ẹ má ṣe mu ibuprofen, nítorí wọ́n lè mú ẹ̀jẹ̀ dà lára ẹni tó ní dengue. Ẹ mu paracetamol ní ìwọ̀n tó yẹ, ẹ mu omi púpọ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ibà bá lọ sílẹ̀ tí inú ń ro aláìsàn gan-an, tó ń bì ṣáá, tí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́: ẹ gbé e lọ lóru yẹn.